Oríkì Tó Dé Fìlà

Olè kẹ̀? Èmi? Kí ni mo jí? Lẹ́tà tí gbogbo wa jọ kọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Bàbá Akọ̀wé ìjọ wa, ṣé èèyàn máa ń jí ohun tó jẹ́ tiẹ̀ ni?

Àwa Yorùbá inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kumasi níbí, a ní ímeèlì kan tó jẹ́ pé tó o bá kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, gbogbo wa ló máa rí i. Gbogbo lẹ́tà àtijọ́ wà ní ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ Bàbá Akọ̀wé nìkan ló ní pásíwọ́ọ̀dù. Tó o bá fẹ́ kà á, wàá kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n á gbé e wò ní ìpàdé. Chale, ọ̀rẹ́ mi, kọ lẹ́tà kó o tó ka lẹ́tà!

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Anloga Junction, láàárín àwọn káfíńtà. Ẹnì kankan ò kọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi kan nínú ìjọ, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Asafo, fi pè mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

"Àbúrò, ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́ta. Oríkì ilé wa ni mò ń wá, kí ọmọ yìí lè mọ ilé ìyá ẹ̀. Bàbá mi kọ ọ́ sórí ímeèlì yẹn kí wọ́n tó kú. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n mọ́."

"Ẹ bi Bàbá Akọ̀wé."

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn wá a, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní bóyá bàbá mi kàn ní in lọ́kàn láti kọ ọ́ ni." Ni ẹ̀gbọ́n mi bá bú sẹ́kún.

Inú bí mi. Mo gba ilé Bàbá Akọ̀wé lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́ sà, títí wọ́n fi ṣí ibi ìpamọ́ lẹ́tà yẹn. Wọ́n tẹ oriki. Kò sí.

"Ṣé o ti rí i báyìí?"

"Sà, báwo lẹ ṣe kọ ọ́?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ oríkì? O, r, i, k, i! Ìwọ ò lọ sílé ìwé ni?"

Ẹ̀rín pa mí. Bàbá tó kú yẹn, tíṣà ni wọ́n. Wọn ò lè kọ "ẹ káàárọ̀" láìfi àmì sí i lórí. Àwa ọ̀dọ́ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń da ata gígún sórí lẹ́tà. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀ pé oriki tó ṣí orí sílẹ̀ àti oríkì tó dé fìlà, ọ̀kan náà ni. Mo tẹ ẹ́ pẹ̀lú àmì. Ó yọ! Odindi ojú ìwé méjì.

"Háà," ni Bàbá Akọ̀wé wí. "Bá wa tún un ṣe, kó má ṣe báyìí mọ́."

Ẹ gbọ́ o, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Mo tún un ṣe. Tó o fàmì sí i, tó ò fàmì sí i, wàá rí i. Mo sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ ìjọ, kí wọ́n lè kà á láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Wọn ò ní kí n ṣílẹ̀kùn, mo mọ̀.

Ọjọ́ ìkómọ, ẹ̀gbọ́n mi ka oríkì yẹn tẹkúntẹ̀rín. Ọmọ ń sùn ní tiẹ̀.

Ó wá ku díẹ̀ kí Kérésì dé, Bàbá Akọ̀wé ń wá ìkéde ọkọ̀ tó ń lọ Èkó. Wọ́n tẹ oko láìfàmì sí i. Gbogbo lẹ́tà tó sọ̀rọ̀ ọkọ ló tú jáde. Ti ìyàwó wọn ló ṣíwájú: "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọkọ mi. Kì í gbọ́ràn, ó sì ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń la pákó."

Ó ti pẹ́ tí màmá ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Akọ̀wé ni ò kà á! Òun ni mo ṣe di olè. Ní ìpàdé ọjọ́ Sunday, Bàbá Akọ̀wé ní kí n ti ilẹ̀kùn yẹn padà, kí n sì dákẹ́ ẹnu mi.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn. Ọmọ yẹn á dàgbà, á fẹ́ ka ọ̀rọ̀ bàbá ìyá ẹ̀. Ṣé ó máa kọ lẹ́tà ni? Mo dìde.

"Sà, ìgbà tó wà ní títì, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ní pásíwọ́ọ̀dù, ṣé ẹ rí lẹ́tà ìyàwó yín kà?"

Ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹnì kankan ò sì tíì tì í di òní.

Wọ́n ṣì ń sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ sọ òótọ́: ṣé ẹ̀yin ì bá dákẹ́?