Oògùn Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Èmi àti ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan tí a jọ ń darí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ irin kan ní Sango, oògùn kan náà tí kì í jẹ́ kí oorun kunni ni a ń gbé mì láràárọ̀. Ojú wa a là, iṣẹ́ a yá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kéde pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti yọ́ sọ fún mi pé èmi kọ́, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, oògùn náà gbòdì lára rẹ̀: ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń tún irin tó ti tò tò, ó sì jágbe mọ́ ọ̀gá.

Ọ̀gá bi mí lójú rẹ̀ pé, “Bàbá, ṣé oògùn yẹn ló fà á?”

Mo gbé àyà sókè. “Oògùn kẹ̀? Èmi náà ń lò ó. Ìwà rẹ̀ nìyẹn.”

Ọmọ Ọ̀ṣun náà ké sí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà mọ̀ mí o!”

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wa là mí lóye pé ìpayà a máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá sì bá a níbẹ̀, a máa gun ènìyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkàn tèmi balẹ̀, mo sì fi ara mi jẹ́rìí lòdì sí i.

Mo wá a lọ sí ilé rẹ̀ ní Joju, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti sọ fún ọ̀gá?”

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sọ ọ́ fún ọ̀gá.