Táyà Ẹ̀gbọ́n Mi Agbẹ̀bí

Bí wọ́n bá ní kí n júwe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, màá ní agbẹ̀bí ni, alùpùpù ló ń gùn, kò sì lè rí mi kó má bá mi wí. Èmi àbúrò rẹ̀, fókanáísà ni mí. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń lẹ túùbù ní oríta kan náà. Àwa méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wa.

Láàárọ̀, ojú ọ̀dà ló ń gbà dé ilé ìwòsàn. Tó bá di ọ̀sán, á wọ ọ̀nà oko lọ wo àwọn aboyún tí kò lè rìn wá, níbi tí ẹ̀gún pọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbìn ín. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí táyà rẹ̀ kì í jò. Á wá jókòó sórí àpótí mi, á sì bẹ̀rẹ̀: ṣé mo ti jẹun, kí ló dé tí mo rù báyìí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe é. Kí n má purọ́, inú mi máa ń dùn bí táyà yẹn bá jò. Bí kò bá jò, ibo ni mo ti fẹ́ rí i? Iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó ráyè kí ẹnikẹ́ni.

Àyà mi já lọ́jọ́ tó bèèrè nípa táyà tí kì í lo túùbù. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé bí ìṣó bá gún un, kò ní jò tán títí èèyàn á fi délé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo pòṣé, mo ní kò dáa lọ́nà oko, pé òkúta á yọ ọ́ kúrò lára rímù, á sì gbé e ṣubú. Ó gbà mí gbọ́. Ta ni ì bá tún gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ táyà?

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ti alùpùpù dé ìsọ̀ mi, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Kò bá mi wí rárá, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó ní táyà jò láàárín oko, òun fẹsẹ̀ rìn dé ilé aboyún kan, ọmọ sì ti jáde kí òun tó dé. Ìyá ọkọ ló gbà á. Tìyá tọmọ wà láyọ̀.

"Ọlọ́run ló yọ wá," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ tí ìyá ọmọ dà pọ̀."

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àwa fókanáísà la ń da ìṣó sójú títì kí iṣẹ́ lè wá. Èmi ò da ìṣó rí. Ẹnu ni mo fi gún táyà ẹ̀gbọ́n mi. Ojú tì mí gan-an. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo purọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀.

Ó bi mí pé, "O ò wá lè sọ pé o fẹ́ máa rí mi?"



Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra táyà tí kì í lo túùbù náà fúnra mi. Èyí tó tẹ́jú á máa yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Èyí tó ní eyín ńláńlá á máa pariwo lójú ọ̀dà, á sì tètè jẹ tán. Mo mú èyí tí eyín àárín rẹ̀ sún mọ́ra, tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tóbi. Mo pààrọ̀ rímù pẹ̀lú, torí onísípóòkù, èyí tó ní irin tín-ín-rín káàkiri, máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde níbi tí irin náà ti wọlé. Mo kọ́ ọ pé kó dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀ tó bá fẹ́ wọ oko, kó sì fi rọ́bà dí ihò láti òde láìtú ẹsẹ̀ alùpùpù. Èmi náà ni mo wá ń kọ́ ọ bí kò ṣe ní nílò mi mọ́.

Oṣù méjì kọjá, táyà ò jò. Àárò ẹ̀gbọ́n mi sọ mí gan-an.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ti ìsọ̀, mo wẹ̀, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn láàárín àwọn aboyún. Ọ̀kan sún fún mi, ó bi mí pé oṣù mélòó ni tèmi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kàn mí, ẹ̀gbọ́n mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ni mo wá wò."

Ó gbé àga rẹ̀ jáde, ó jókòó tì mí, ó sì bẹ àwọn aboyún pé kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, àbúrò òun dé.