Ìwo Orí Àgùàlà

Ẹ̀yin tèmi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ní Màídúgùrì. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, mo ti fi ara mi rẹ́rìn-ín ṣáájú yín. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ sunkún o!

Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti gbé mi wá síbí láti Òṣogbo. Yàrá kan ni mo háyà ní Gwange, nínú ọgbà Alhaja kan tó ń ta aṣọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaja, àmọ́ Màídúgùrì ni wọ́n bí wọn sí. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ò sì gbọ́ Yorùbá. Tí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n jí dáadáa, "Ina kwana, Àǹtí" ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn, wọ́n á sì sá lọ.

Ká má parọ́, mo dá wà, ó sì ń dùn mí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo jẹun tán, ó ku èmi àti ògiri. Ìgbà mìíràn, mo máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ti bá ìkòkò sọ̀rọ̀ rí?

Bó ṣe di pé mo ra tẹlisikóòpù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, nìyẹn. Bàbá mi ló fi í sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tílẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á nawọ́ sí ìràwọ̀ ńlá tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá. Wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, Àgùàlà rèé. Ó ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni." Ní báyìí, ojú Bàbá ti ń lọ. Ti òsì ò ríran mọ́. Dókítà ní tí wọ́n bá ń kán oògùn sí ti ọ̀tún lójoojúmọ́, ìwọ̀nba tó kù ò ní lọ. Mo wá pinnu pé mo máa ya fọ́tò Àgùàlà, kí Bàbá fi ojú kan tó kù rí i dáadáa.

Alhaja ní kí n má gun òrùlé o, kí ẹnì kan má lọ rò pé ìbọn ni mo gbé dání. Àárín ọgbà ni mo ń gbé e sí, ní kété tí wọ́n bá ti kírun Magaribi tán.

Kókó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fókọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá ń yí i, ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò á ṣe bàìbàì, tàbí kó mọ́ kedere. Mo kà á lórí fóònù pé tó bá ti mọ́ dáadáa, ìràwọ̀ á rí tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́. Mo yí i títí, Àgùàlà kọ̀! Ṣe ló ń yọ ìwo méjì sí mi, tó tẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mo nu dígí, mo tún yí i. Ìwo! Ìràwọ̀ wo ló ń níwo? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá a fà á. Gbogbo àwòrán oníwo tí mo fi fóònù yà ni mo pa rẹ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo yí kókó náà kọjá ibi tí mo máa ń dúró sí. Àgùàlà wú, ó di róbótó! Kò rí bí orí abẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìwo ti lọ! Mo pariwo. Mo wẹ̀yìn kí n fi han ẹnì kan, kò sí ẹnì kankan. Mo yà á, mo fi í ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá, pé kó fi hàn wọ́n.

Nígbà tí wọ́n gba fóònù, ohùn Bàbá ti rọlẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí ìmọ́lẹ̀, àmọ́ bàìbàì ló ṣe lójú àwọn, bí ẹni ń wo iná nínú kùrukùru. Wọ́n ní ó ti tán nìyẹn, ojú ti lọ, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ kán oògùn sí i mọ́. Wọ́n wá ń gbàdúrà fún mi.

Háà! Mo sunkún bí ọmọdé. Nínú gbogbo Màídúgùrì, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òṣùpá tuntun lé. Àwọn ọmọ ń pariwo "Ga wata! Ga wata!", pé òṣùpá rèé. Alhaja jáde wá wò ó, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi ẹ̀rọ mi hàn wọ́n. Mo gbé e sójú òṣùpá, mo yí fókọ́ọ̀sì títí ó fi mọ́ kedere.

"Ikon Allah! Ó kún fún ihò, bí ilẹ̀ tí màlúù tẹ̀!"

Wọ́n ní kí n fi ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà hàn wọ́n. Mo kàn darí ẹ̀rọ síbẹ̀ ni, mi ò fọwọ́ kan fókọ́ọ̀sì. Wọ́n wò ó. "Áà, òṣùpá tún bímọ ni?"

Mo ní kí wọ́n má dá a lóhùn, kò tíì mọ́ ni. Mo nawọ́ kí n yí i. Alhaja gbá ọwọ́ mi mú. "Bar shi! Fi í sílẹ̀! Ṣebí ibi tó wà yìí náà la fi wo òṣùpá? Kí ló wá bà á jẹ́ láàárín kan?"

Mo lọ kà nípa Àgùàlà dáadáa lórí fóònù. Àṣé Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀ gidi! Oòrùn ló ń tàn sí i lára bíi ti òṣùpá, ìyẹn ló ṣe máa ń tẹ̀ nígbà mìíràn. Èyí tó níwo ló mọ́ kedere. Róbótó tí mo fi ránṣẹ́, òun gan-an ló ṣe bàìbàì. Bàbá mi ríran o! Èmi ni mo fi kùrukùru ránṣẹ́ sí wọn, tí wọ́n wá rò pé ojú àwọn ni.

Mo ya oníwo, mo fi ránṣẹ́, mo pè. Bàbá wò ó. Wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé tó níwo?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Mo wá gbọ́ tí wọ́n ń pe àbúrò mi pé, "Oògùn ojú mi dà? Gbé e wá!"

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi rèé: ẹ má ba ohun tí ojú yín rí jẹ́ torí pé kò jọ èyí tẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ sì máa pe ẹlòmíì wá bá yín wò ó. Ó pẹ́ tí mo ti ń dá nìkan wo nǹkan, kò sì sẹ́ni tó máa gbá mi lọ́wọ́ mú.

Ta ló ti pa ohun tó dáa rẹ́ rí bíi tèmi? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bó ti wù kó gùn tó, mo máa kà á tán. Mi ò kúkú níbì kankan tí mò ń lọ.