Ẹni Tó Ń Pè Mí ní Àṣàkẹ́ ní Ṣàngótẹ̀dó

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ìta pa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ẹni tí mo dágbére fún. Nígbà tí Bàbá Táyọ̀, ọkọ mi, wà láyé, bí mo bá ń rìnrìn àjò, ẹnu ọ̀nà ni yóò jókòó sí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, yóò máa bi mí bóyá mo ti mú èyí, bóyá mo ti mú tọ̀hún, bóyá mo ti jẹun, títí inú á fi bí mi. Ọdún kẹta rèé tó ti lọ. Táyọ̀, ọmọ wa kan ṣoṣo, wà ní Kánádà. Ilẹ̀kùn ni mo kí pé ó dìgbóṣe, mo sì gbé báàgì mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ń dá gbé ló mọ ohun tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé ti ń bi mí pé kí ni èmi aránṣọ, tí kì í kọjá Ẹ̀pẹ́, lọ ṣe lọ́nà Ajah. Fóònù ló rán mi níṣẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan ni ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngótẹ̀dó ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ìyẹn nìkan ò lè yà yín lẹ́nu. Ta ni ìpolówó ò yọ lẹ́nu lórí fóònù? Àmọ́ orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí ńkọ́! “Asake Mi Owon,” wọ́n á ní, “ile wa ko won rara. Wa wo o loni.” Bóyá ilé ni tàbí ilẹ̀, wọn ò fi àmì sí i. Orúkọ yẹn náà ò ní àmì, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n kà. Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n.

Oríkì mi ni Àṣàkẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹnu ló ń pe oríkì àgbàlagbà. Ní ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí Télọ̀ ni mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá. Ládùúgbò, Ìyá Táyọ̀. Táyọ̀ fúnra rẹ̀ ń pè mí ní Mọ́mì, lọ́jọ́ Àìkú, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Ìyá mi tó ń pè mí ní Àṣàkẹ́ ti kú, bàbá mi ti kú. Lẹ́yìn wọn, Bàbá Táyọ̀ nìkan ló kù kí òun náà tó lọ, inú yàrá ló sì ti máa ń pè é, bó bá fẹ́ kí n bu omi wá, tàbí bó bá mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀ mí. Bó ṣe kọ ọ́ síbi nọ́ńbà mi nínú fóònù rẹ̀ náà nìyẹn: Asake Mi Owon. Èmi àti òun nìkan la mọ̀. Báwo ló ṣe wá dé ẹnu onílẹ̀?

Mo bínú. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín: bí fóònù yẹn bá dún báyìí, màá fi aṣọ sílẹ̀ lórí máṣíìnì, màá sáré mú un. Kò sẹ́ni tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Mi ò sì pa ọ̀kan ṣoṣo rẹ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo rí i pé mo ti ń dúró dè wọ́n ni ẹ̀rù bà mí. Mo ní ó tó, mo fẹ́ lọ bá wọn lójúkojú kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lẹ́nu wọn.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo san dé Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀, mo ra àkàrà gbígbóná, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Láti ibẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ni méje tó ń lọ Ajah, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà fún iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Múfú lorúkọ dírẹ́bà náà, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Màmá, ilẹ̀ lẹ fẹ́ lọ wò?” Ọkọ̀ ò tíì rìn jìnnà.

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Gbogbo màmá tó bá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lójú ọ̀nà yìí, ilẹ̀ ni wọ́n ń lọ wò.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún un, mi ò kàn pe orúkọ náà. Ó fọwọ́ lu sítíárì, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Tiyín ṣì sàn, Màmá! Ẹ wo tèmi.” Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta táyà ló kọ̀wé sí i: Mufu Wahala, taya re ti gbo. “Ẹnìkan ló fi mí pa mọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fóònù tiẹ̀. Mi ò tíì mọ ẹni náà. Gbogbo pásẹ́ńjà mi ni mò ń fura sí báyìí. Ẹ̀yin gan-an, ojú yín jọ ojú ẹni tó lè kọ ọ́.”

“Wo iwájú ẹ, Múfú Wàhálà,” mo ní. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá ojú pópó Ẹlẹ́kọ̀. Mo bá wọn rín in. Mo wá rò ó pé ẹni tó fún Múfú lórúkọ ṣì wà níbì kan, Múfú ṣì lè wá a kàn kó bá a jà.

Ọ̀nà náà gbòòrò, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, tírélà sì kún un, wọ́n ń lọ sí èbúté tuntun àti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo ní Ibeju-Lekki. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tò sẹ́bàá títì pẹ̀lú ṣọ́bìrì wọn, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa gbé wọn. Pátákó ìpolówó ilẹ̀ pọ̀ ju igi àgbọn lọ. Mo wo gbogbo wọn, inú ò bí mi sí ọ̀kankan. Pátákó ò mọ̀ mí. Gbogbo ayé ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí kò bá wù ọ́, wàá gbójú kúrò. Èmi náà kiri fùfú fún ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ìpolówó. Ọlọ́jà á ké, ẹni tí ebi ń pa á pè é. Ká ní mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé kan ni, kí n ní, “Lágbájá, mo mọ̀ pé o ò tíì jẹun,” igi ni wọn ì bá fi lé mi.

Múfú sọ̀ mí sí Ṣàngótẹ̀dó. Inú ẹsitéètì kan ni ọ́fíìsì náà wà, géètì ńlá sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nílé lọ́hùn-ún, a ó ké “Àgò onílé o,” wọ́n á ní “Àgò yà,” a ó wọlé. Níhìn-ín, kóòdù ni wọ́n ń bèèrè. Kóòdù ni nọ́ńbà tí ẹni tó o fẹ́ rí máa fi ránṣẹ́ sí ọ, tí wàá fi han ẹ̀ṣọ́ kó tó ṣílẹ̀kùn.

“Màmá, ta lẹ fẹ́ rí?” ẹ̀ṣọ́ bi mí.

“Ẹni tó ń pè mí.”

“Kí lorúkọ ẹ̀, mà?”

“Òun ló mọ orúkọ mi. Èmi ò mọ tiẹ̀.”

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé mọ́. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà hàn án, mo fi àtàǹpàkò bo orúkọ mi. Ó tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní kí n máa bọ̀, wọ́n rò pé oníbàárà ni mí.

Àwọn ilé ibẹ̀ rẹwà, wọ́n sì jọra wọn. Ọ̀sán gangan, kò sí ẹnì kan ní ìta. Ariwo ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ni mò ń gbọ́. Mo kí obìnrin kan tó fẹ́ wọ mọ́tò, “Ẹ kú ọ̀sán o,” ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ó wá dáhùn, ó sì yára ti ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀. Mo káàánú rẹ̀, mo sì káàánú ara mi.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣadé ló dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ilé ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ mi tán, ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Dátà yín ló wà lọ́dọ̀ wa.”

Mo dìde dúró. “Dátà mi! Èmi tí mò ń rà á lóṣooṣù, tí kì í pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan! Ẹ̀yin lẹ ń lò ó?”

Ó fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe dátà tí à ń kó sórí fóònù. Lẹ́nu tiwọn, dátà ni gbogbo ohun tí wọ́n bá mọ̀ nípa ènìyàn: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ń gbé, ibi tó rìn dé. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ẹni tó fi nọ́ńbà mi pa mọ́ ti gba àápù kan sórí fóònù rẹ̀ rí, kí àápù náà ní kó jẹ́ kí òun wo àwọn orúkọ inú rẹ̀, kí onítọ̀hún sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀, wọ́n á tà á, ẹni tó rà á á tún un tà.

Bàbá Táyọ̀ nìyẹn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Àápù orin ìyìn ló gbà sórí fóònù yẹn kó tó kú.

“Orúkọ wo ni kí n fi wá a, mà?”

“Èyí tí ẹ fi ń pè mí.” Mo gbé fóònù mi fún un.

Ó wò ó. Ètè rẹ̀ gbéra, ó tún pa á dé. “Mà, mi ò lè pè é.”

“Èé ṣe?”

“Oríkì yín ni. Ìyá mi á gbá mi létí.”

“Ẹ̀yin ṣáà lẹ kọ ọ́.”

“Kọ̀ǹpútà ni, mà.”

“Kọ̀ǹpútà ò níyàá?”

Ó tẹ̀ ẹ́ láìpè é, orúkọ mi sì yọ lójú kọ̀ǹpútà, láàárín ẹgbàágbèje orúkọ mìíràn. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, pé èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ìbàdí obìnrin bá ń tóbi, nígbà mìíràn kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni lójú títì rí. Ẹni tó bá bọ́ aṣọ níwájú rẹ, ó fọkàn tán ọ ni. Ó ní, “Òótọ́ ni, mà.” Ojú ti tì í, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló dá ẹ̀ṣẹ̀.

“Ṣé kí n yọ ọ́?”

Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún orúkọ náà kà. Èmi tí mo ti ìlú wá tìtorí rẹ̀!

“Ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú,” mo ní.

Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. “Bí ẹ bá fẹ́, mà, mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ṣé ẹ rí i, ọmọ yẹn gbọ́n. Mo ro inú yàrá wa, mo ro ohùn Bàbá Táyọ̀ nínú òkùnkùn. Kò fi orúkọ yẹn ta nǹkan fún mi rí.

“Yọ ọ́,” mo ní.

“Kí wá ni ká máa pè yín?”

“Ẹ má pè mí.”

Ó yọ ọ́. Ó sìn mí dé géètì, ó ní kí n má retí pé ó parí o, àwọn mìíràn ti rà á, wọ́n sì lè mọ̀ pé mo wá sápá ibí lónìí. Mo bi í ní oríkì tirẹ̀. Ó ní Àbẹ̀ní, pé ìyá ìyá òun ló máa ń pè é, ó sì ti kú. “Àbẹ̀ní, ó dàbọ̀ o,” mo ní. Ó kúnlẹ̀ sórí títì tó gbóná yẹn, ojú rẹ̀ kún fún omijé.

Ó di dandan kí n dé Ajah kí n tó rí ọkọ̀ padà. Mo kọjá oríta Abraham Adésànyà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ ilé oúnjẹ kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni àwo ìrẹsì kan! Kì í ṣe owó yẹn ló lé mi jáde. Àwọn ènìyàn jókòó káàkiri, kálukú dá jẹun pẹ̀lú fóònù rẹ̀, mo sì kọjá lára gbogbo wọn láìsí ẹni tó ní “Ẹ wá jẹun.” Nílé, bí ẹ̀kọ kan péré ló wà lọ́wọ́ ènìyàn, á ní kó o wá jẹ ẹ́, ìwọ náà á ní á gba ibi ire. Mo jáde, mo lọ wọ ọkọ̀.

Fóònù ò dún lójú ọ̀nà. Èmi ni mo wá nǹkan kan lọ, mo sì rí i gbà, síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ mi ò kúrò lára báàgì.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé orúkọ tó bá ti bọ́ sọ́jà, ènìyàn ò lè máa ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan dé òmíràn lọ gbà á padà. Ohun tí mò ń rò lọ́kàn nìyẹn bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn, ìgbà náà ni fóònù dún. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni, àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ bá ènìyàn nílé. Wọ́n rò pé mo ṣì wà lọ́hùn-ún.

“Asake Mi Owon, se o ti jeun? Ounje gbigbona wa nitosi re ni Ajah.”

Ó yẹ kí n bínú. Láti àkàrà Ẹ̀pẹ́, n kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, kò sì sí ẹni tó bi mí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Bàbá Táyọ̀ máa ń jókòó sí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo wo fóònù náà títí iná ojú rẹ̀ fi kú.

“Mi ò tíì jẹun o,” mo dá a lóhùn.