Ìsọkúsọ Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ọ̀sẹ̀ Ìkórè

Ìpínlẹ̀ Kwara kò tíì pẹ́ láyé nígbà tí ikùn ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tísà ni, ní Òkè-Onígbìn. Kò fẹnu kan ọtí rí, síbẹ̀ àwọn kan ń sọ pé ìkọ̀kọ̀ ló ti ń mu ún. Dókítà tó kọ́kọ́ fa omi inú rẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, ó ti di àpá, ìdí nìyẹn tí omi fi ń gbá jọ sí ikùn. Ó wá ní: "Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí inú bá ń run ún, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ara wọn mu mọ́, ẹ má dúró. Kòkòrò àrùn lè wọ inú omi yẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e wá."

Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mò ń ṣe ní Ìlọrin, kíkọ ohun tí ènìyàn bá sọ sì ni oúnjẹ mi. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀wé, èmi ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Mo wá sílé ní Òmù-Àrán fún ìkórè ìjọ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń pe àwọn ẹbí jáde síwájú pẹpẹ, ẹbí kan tẹ̀lé èkejì, pẹ̀lú iṣu àti àgbàdo lórí wọn, tí yóò sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti ń kọjá. Nítorí ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń wá.

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ìyàwó ilé wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọkọ wa, oyún yìí mà ti tó bí o. Ìbejì ni àbí ìbẹta?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. "Ẹ lé àwọn ewúrẹ́ yẹn jáde ní kíláàsì," ló wí. "Ìnísípẹ́kítọ̀ ti dé."

Ilé hó fún ẹ̀rín. "Ẹ ò rí i? Ẹnu tiẹ̀ ò ṣàìsàn!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fa ìwé pélébé mi yọ, mo kọ gbólóhùn náà sílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Akọ̀wé mi, láti àná ni ara rẹ̀ ti ń gbóná. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ṣé kò yẹ ká máa lọ?"

"Ibà ni, ìyàwó wa. Ẹ fún un lóògùn ibà. Bí a bá gbé e lọ lónìí, ta ni yóò pe ẹbí lọ́la? Ọjọ́ Ajé la ó lọ."

"Ṣé ohun tí dókítà wí nìyẹn?"

"Ohun tí mo wí nìyẹn."

Ó padà sídìí iná.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi kò lè dìde. Ẹlòmíràn ló pe àwọn ẹbí, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ajé tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà tún fa omi náà. Ti àkọ́kọ́ mọ́ bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Èyí rú bí omi ògì.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ?"

"Sátidé."

Kò bá mi wí. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó ní kó gbé abẹ́rẹ́ wá. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ kẹta tó fi kú. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè ṣèlérí pé ìbá yè bí a bá tètè dé; pé ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ méjì pọ̀.

Nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn dé, wọ́n bi opó náà léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo jókòó tì í. "Ibà la rò pé ó jẹ́," ló ń sọ fún olúkúlùkù wọn. Kò wò mí. Mo gbọ́ ọ nígbà tí kò níye, n kò sì la ẹnu mi láti sọ ẹni tó rò bẹ́ẹ̀.