Ẹni Tó Ń Pè Mí Ní Àbẹ̀kẹ́

Mo rántí bí irun òyìnbó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́. Bí o bá fi òwú di ti iwájú tán, ti ẹ̀yìn á ti tú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ló sì ni irun náà. Obìnrin ará Holland ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, Àpápá GRA ni wọ́n ń gbé. Àwọn òyìnbó mìíràn a ya fọ́tò, wọn a pín bisikíìtì, wọn a lọ. Tèmi ń wá ní gbogbo Sátidé, a jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, a ní kí n di irun fún òun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ibòmíràn ni irọ́ wà. Mo ní ìyá. Bàbá mi, alábàárù ní èbúté, ló kú. Ìyá mi ń dín àkàrà fún àwọn awakọ̀ tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut, inú ṣọ́ọ̀bù onípákó tí wọ́n ti ń dín in náà ni wọ́n ń sùn. Kí n má baà máa sùn níbẹ̀ ni wọ́n ṣe mú mi wá. Kì í kúkú ṣe èmi nìkan, púpọ̀ nínú wa ló ní ìyá. Ṣùgbọ́n ẹbí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọjú ní Sátidé. Òyìnbó mi ti ṣèlérí pé òun á rán mi lọ sílé-ìwé girama, ni alábòójútó wa bá fà mí létí: "Bó bá gbọ́ pé o níyàá, ọmọ mìíràn ló máa mú. Ṣó o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́, mà.

Àfi bí ìyá mi ṣe gbọ́ pé ibà ń ṣe mí. Mo ń di irun lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu géètì: "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ mi!" Àwọn nìkan ló ń fi oríkì pè mí láyé. Bí wọ́n bá ti pè é, kí n tó mọ̀, mo ti dáhùn, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, n kò dáhùn. Irun ni mo tẹjú mọ́. Ọ̀rẹ́ mi béèrè ẹni tó ń pariwo. Mo fi òyìnbó sọ fún un pé alákàrà ni. Èmi ọlọ́gbọ́n! Mo rò pé wọn ò ní gbọ́, ẹni tó ń bá awakọ̀ oríṣiríṣi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n wá yíjú sí i, wọ́n ní, "Na true, madam. Na akara I dey sell."

Wọ́n fún un ní ọ̀kan nínú àkàrà tí wọ́n gbé wá fún mi, wọ́n gbé ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n na ọwọ́ sí ọrùn mi, bóyá láti mọ̀ bó ṣe gbóná, wọ́n tún fà á sẹ́yìn. Wọ́n lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní àkàrà náà dùn.

Mo lọ sí girama, mo wọ yunifásítì. Ìyá mi ò bá mi jà rí. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, orúkọ inú ìwé ilé yẹn ni wọ́n ń fi pè mí, bí alábòójútó ṣe ń pè mí. Ojú ń tì mí láti bẹ̀ wọ́n fún oríkì mi. Ẹyin lohùn, mo sì ti fọ́ tèmi. Wọ́n kú nígbà tí mo wà lọ́dún kẹta, wọn ò tún pè é.

Ọ̀rẹ́ mi ti padà sílùú wọn tipẹ́, ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò sí Sátidé tí kì í pè mí lórí fóònù. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ká ní ìyá mẹ́wàá lo ní, ǹ bá ṣì rán ẹ lọ." Ha! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ikú lọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ìyá mi ń pè lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà. Mo kọ́ ọ ní oríkì mi.

Gbogbo Sátidé ló ń pè é báyìí. Ohùn rẹ̀ a máa gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀. Kò ní tíì pè é tán tí màá ti dáhùn. Mo máa ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú, nínú yàrá mi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí mi.