Bí Mo Ṣe Gbé Òkun Wọ Pálọ̀ Bàbá Mi

Kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo fi gbé òkun wá láti Èkó, kẹ́ẹ̀gì tí mo ti fọ̀ títí ọwọ́ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, àmọ́ kí ọkọ̀ wa tó dé Oǹdó ni ìdérí ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó jò sí ẹsẹ̀ obìnrin kan tó jókòó tì mí. Obìnrin náà fi ìka kàn án, ó fi ìka náà kan ahọ́n, ó sì wò mí bí ẹni tó rí wèrè tó wọ bàtà tó dára. "Àǹtí, omi iyọ̀ lẹ rù láti Èkó? Ṣé iyọ̀ ti tán ní Ìdànrè ni?" Mo ní omi òkun ni. Ojú rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Omi òkun kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún mi." Aládùúrà ni, bíi ti ìyá tèmi, lójú wọn kò sì sí omi tó dára fún àdúrà tó èyí tí ìgbì gbé wá. Ó bù ú sínú ìgò, ẹni tó wà lẹ́yìn wa náà bù, awakọ̀ pàápàá dúró, ó bù, ó ní kí ọkọ̀ òun má baà rí ìjàǹbá. Bí mo ṣe dé Odode, ìlú wa ní Ìdànrè, pẹ̀lú òkun tó ti dín kù nìyẹn.

Ìgbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé lọ́dún 1979 ni, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú wa. Èkó ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni mo ti rí olùkọ́ wa kan tó kó ẹja òkun sínú àpótí dígí lórí tábìlì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tèmi nìkan ni mo ṣe fẹ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ nílé. Bàbá mi kò rí òkun rí. Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí wọn sí, kí àwọn ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odode, kòkó ni wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn gbìn. Lọ́dọọdún ni lọ́rì ń kó kòkó wọn lọ sí Èkó, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé e sọdá sílùú òyìnbó, Bàbá á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Kòkó mi tún ń lọ rí òkun o, èmi rèé." Nígbà tí àyè wá ṣí sílẹ̀ kí àwọn náà lọ, orúnkún wọn ti yarí. Dókítà kan ní Àkúrẹ́ sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Ọjọ́ náà ni mo búra lójú gbogbo ilé pé, kí ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ tó dé, Bàbá yóò rí òkun láì dìde lórí àga wọn. Mo ti kàwé díẹ̀, ẹnu mi kò sì sinmi nígbà náà.

Màmá ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń mú ọkọ wálé, ìwọ fẹ́ mú ẹja wálé." Mo ní ẹja kò ní béèrè oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá wọn fi bọ́ sílẹ̀. Mo lọ bá káfíńtà, mo yàwòrán fún un, ó kan tábìlì tó nípọn, nítorí omi wúwo ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ó gé dígí, ó sì fi pọ́tì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, irú èyí tó fi ń mú dígí dúró lára fèrèsé. A bu omi kànga kún un láti fi dán an wò. Níbi tí a ti ń yin káfíńtà lọ́wọ́ ni igun kan lanu, omi wọ abẹ́ àga, ó sì gbé sálúbàtà Bàbá lọ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wo sálúbàtà náà bó ṣe ń lọ. Wọ́n ní, "Tíṣà, mo ti rí ọkọ̀ ojú omi. Ó ku òkun." Mo ní láti padà lọ ra gọ́ọ̀mù kan ní Èkó, èyí tí wọ́n ní omi oníyọ̀ kì í bà jẹ́, kí dígí tó gbà láti dúró.

Lẹ́yìn náà ló kan òkúta. Nínú ìwé ìròyìn kan ni mo ti rí àwòrán òkè iyùn abẹ́ òkun, òmíràn pupa, òmíràn bí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, tí ẹja ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Màmá gbọ́ iyùn, wọ́n sún mọ́ ìwé náà. "Ṣé iyùn tí à ń so mọ́rùn yìí? Ibẹ̀ ni kí o lọ dé." Mo ṣàlàyé pé etí òkun tiwa kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀, pé òkúta lásán ni màá fi ṣe tèmi, kí ẹran òkun lè rí ibi fara pamọ́ sí. Bàbá gbọ́ òkúta, ara wọn yá gágá. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ìdànrè nípa òkúta? Wọ́n ní kí n lọ ṣa èyí tí kò sán, tí òjò ti fọ̀, mo sì sè wọ́n nínú ìkòkò bí ẹni ń se iṣu. Nígbà tí mo tò wọ́n sínú dígí bó ṣe wà nínú ìwé, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Láti orí àga ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá tọ́ka: gbé èyí sẹ́yìn, dá èyí dùbúlẹ̀, fi àlàfo sáàárín àwọn yẹn. "Níbo lo ti rí òkè tó tò bí ọmọ ilé ìwé?" Mo ń tò, wọ́n ní kí n tú u. Nígbà tí wọ́n máa fi gbà, àwọn òkè tó yí ilé wa ká gan-an ló wà nínú àpótí yẹn, ó sì dára ju ti inú ìwé lọ.

Ohun èlò tó kù, ọgbọ́n ni mo fi ń wá wọn. Èmi kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, nítorí náà mo mú ìdérí báírò, mo ki ìṣó kékeré sínú rẹ̀ kó lè nàró, mo fi ìda dí ihò rẹ̀, mo sì sọ ọ́ sínú omi òkun gidi. Ibi tí omi dé lára rẹ̀ ni mo fi pólíìṣì èékánná mi fa ilà sí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ìdérí náà á léfòó kọjá ilà; bí iyọ̀ kò bá tó, á rì. Mo ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ṣùgbọ́n iná ló ń lò, iná ìgbà yẹn kò sì sàn ju tòní lọ. Mo bá lọ ra tíúbù lọ́rì lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń lẹ táyà lójú títì, ó fẹ́ ẹ kún, mo tì í sábẹ́ tábìlì, mo so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu rẹ̀ wọ inú omi, mo sì fi péègì tí a fi ń sá aṣọ há rọ́bà náà. Bí iná bá lọ, a ó dẹ péègì díẹ̀, atẹ́gùn á sì máa yọ nínú omi. Bàbá gba iṣẹ́ yìí, wọn kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Nígbà mìíràn, tíúbù náà á ṣàdédé dún nígbà tí àlejò bá wà níjòókòó, irú ìró tí ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lára òun. Bàbá á yíjú sí àlejò náà tàánútàánú, wọ́n á ní, "Kò sí wàhálà, ilé ara yín ni."

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ló bá mi wá àwọn ẹran òkun lẹ́bàá òkúta tí wọ́n fi dá ìgbì dúró: àwọn ẹja abilà kéékèèké, akàn tó ń gbé inú ìkarahun ẹlòmíràn, àti ẹran kan tó lẹ̀ mọ́ òkúta bí òdòdó, tó ń fi ọwọ́ wẹ́wẹ́ gbá oúnjẹ mú. Inú ọ̀rá ni mo gbé wọn sí, lórí itan mi, bí ọmọ tuntun. Ọjọ́ tí mo tú wọn sílẹ̀, Bàbá na ọrùn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹja nínú omi, tí iyọ̀ tún wà níbẹ̀, ọbẹ̀ la máa ń pè é nílé yìí." Ṣùgbọ́n wọn kò kúrò nídìí dígí náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú kíláàsì.

Ìròyìn dé ìjọ Màmá pé omi òkun wà nílé wa. Wọ́n ń wá tìgòtìgò, wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú àpótí, akàn ń wò wọ́n. Mo fòfin de ìgò. Àmọ́ nígbà tí ọyẹ́ dé, n kò rí òfin kankan fi dè é. Ojoojúmọ́ ni omi ń fà, ojoojúmọ́ ni mo ń po iyọ̀ mọ́ omi kànga láti fi dí i, mo ní omi oníyọ̀ ló lọ, omi oníyọ̀ ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Ìdérí báírò mi ń léfòó kọjá ilà. Mo ní pólíìṣì ló ti ṣí, mo sì fa ilà mìíràn. Kò pẹ́, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òdòdó òkun ká ara rẹ̀ jọ, akàn kò yọjú mọ́. Bàbá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, èyí gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kàn ń dẹ péègì, wọ́n ń há a, wọ́n sì bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé èyí náà ni gbogbo ohun tí mo máa rí?"

Màmá ní tiwọn, wọn kò rí ẹja níbẹ̀, aláìsàn ni wọ́n rí. Ohun tí ìjọ wọn ń ṣe fún aláìsàn kò sì yàtọ̀: omi àdúrà ni. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n pọn omi tó ń sun lábẹ́ òkúta, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n rù ú padà, wọ́n sì ń fi ife bù ú sínú dígí díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sáàmù, títí mo fi wọlé bá wọn. Mo figbe ta. Mo ní omi tí kò níyọ̀ máa pa wọ́n. Màmá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìwọ tí o ń fi iyọ̀ sí i, ṣé wọ́n ń jó ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ẹja ń lúwẹ̀ẹ́. Mo jókòó, mo gbórí lé ọwọ́, ó sì wá yé mi. Omi nìkan ni ọyẹ́ ń gbé lọ. Iyọ̀ kì í bá a lọ. Ibi tí iyọ̀ ti kù sílẹ̀ ni mo tún ń lọ fi iyọ̀ sí, bí ẹni tó fẹ́ yan ẹja lóòyẹ̀. Omi lásán ni wọ́n ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí. Mo ṣàlàyé èyí fún Màmá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ báyọ́lọ́jì tó pọ̀ díẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi parí, wọ́n ní, "Ta ló wá rán mi pé kí n lọ pọn omi lásán?" Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n jẹ́rìí nínú ìjọ, gbogbo ìjọ sì jó fún ẹja wa. Bàbá ló bínú. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ omi, àwọn ń gbọ́ iyọ̀, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ atẹ́gùn.

Lọ́jọ́ kan tí ọdún Àjíǹde ti sún mọ́lé, Bàbá ti ìka bọ omi náà, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì bi mí bí òkun ti tóbi tó. Mo ní ènìyàn kì í rí òdìkejì rẹ̀. Wọ́n wo dígí, wọ́n wo ògiri tó wà lẹ́yìn dígí. Èdè Ìdànrè ni wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e, mo kàn ń tún un sọ kó lè yé gbogbo ayé: "Ẹja lo gbé wá, ọmọ mi, mo sì dúpẹ́. Nígbà wo la máa lọ rí òkun?" Mo rán wọn létí dókítà. Wọ́n ní dókítà ò bá àwọn gbin kòkó. Mo rán wọn létí orúnkún. Wọ́n ní orúnkún náà kò rí òkun rí. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n Màmá ti ń di ìrọ̀rí sínú àpò.

A gba takisí tiwa nìkan lọ sí Èkó, a ń dúró lójú ọ̀nà kí Bàbá lè na ẹsẹ̀, wọ́n ń kérora, wọ́n ń pa wá lẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń kérora. Ní etí òkun, wọn kò gbà kí a di àwọn mú. Wọ́n fi ọ̀pá gún iyanrìn lọ títí omi fi dé kókósẹ̀ wọn, wọ́n sì dúró síbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Àwọn ọkọ̀ ńlá wà lókèèrè, wọ́n kéré bí èèrà. Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn. Wọ́n ní, "Inú ibí yìí ni mo ń kó kòkó mi sí lọ́dọọdún, tí mo ń lọ sùn? Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò mọ̀." Omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a padà délé, wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ pẹ̀lú orúnkún tó wú, ẹni tó bá wá kí wọn kò ní kúrò láìgbọ́ nípa òkun.

Ó pẹ́ tí Bàbá ti sùn. Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń fà sókè lórí àga báyìí, àwọn ọmọ mi sì wà káàkiri ayé. Wọ́n máa ń gbé fóònù sí mi lójú, wọ́n á fi yìnyín hàn mí, wọ́n á fi àwọn ìlú tí odò gba àárín rẹ̀ kọjá hàn mí, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ wò ó, ẹ ti dé ibẹ̀ nìyẹn." Ọmọ rere ni wọ́n. Mo máa ń wò ó dáadáa, mo máa ń yìn wọ́n, mo máa ń súre fún wọn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń béèrè ọjọ́ tí a máa lọ.